Koi: Ẹja Àwọn Àgbẹ̀ Orí Òkè, àti Ìdí Tí Owó Rẹ̀ Fi Ga

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ní Hiroshima ní ilẹ̀ Jàpáànì, wọ́n ta ẹja kan ṣoṣo ní gbàǹjo ní 203 mílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì, èyí tí ó tó bí 1.8 mílíọ̀nù dọ́là. Olùkójọ ẹja kan láti Taiwan ni ó rà á. Abo ni ẹja náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà kan. Ara rẹ̀ funfun, àmì pupa sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn kò rà á fún ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iṣẹ́ kan tí ó lè ṣe fún ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá jẹ́ pé dúdú ni bí àwọn baba ńlá rẹ̀, ìsọ̀ ẹlẹ́ja ni ìbá parí sí. Kí ni ó wà lára ẹja tí ó fi lè gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn? Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú àpò olówó nìkan. Láàárín àwọn àgbẹ̀ tí kò rí jájẹ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Niigata wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Jàpáànì tí ó tóbi jù lọ. Lórí àwọn òkè rẹ̀, ní agbègbè Yamakoshi àti Ojiya, yìnyín a máa bọ́ nígbà òtútù títí yóò fi ga ju ènìyàn lọ. Ìrẹsì ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbìn, lórí oko tí wọ́n gbẹ́ sí ara òkè ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn. Wọ́n gbẹ́ adágún sí òkè àwọn oko náà láti tọ́jú omi, inú adágún wọ̀nyí ni wọ́n sì ń sin ẹja koi sí, kí wọ́n lè rí ẹran fi jẹun nígbà tí yìnyín bá sé wọn mọ́lé. Ẹja dúdú lásán ni koi ìgbà náà, kò sì sí ẹni tí ń wò ó fún ẹwà.

Láàárín ọdún 1804 sí 1830, àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ṣàkíyèsí pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ ẹja kan a máa yọ tòun ti àwọ̀ pupa tàbí funfun lára. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yọ bí àfín ti ń yọ láàárín ènìyàn ni. Ibi tí ọgbọ́n wọn ti hàn ni pé wọn kò jẹ ẹ́. Wọ́n yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì ń mú akọ aláwọ̀ pọ̀ mọ́ abo aláwọ̀ láti ìran dé ìran. Báyìí ni Kohaku, ẹja funfun alámì pupa, ṣe jáde. Ní ìgbà Taishō, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1912 tí ó sì parí ní 1926, Sanke tí ó ní funfun, pupa àti dúdú fìdí múlẹ̀. Ní 1927, Jukichi Hoshino mú Showa jáde, èyí tí dúdú jẹ́ ìpìlẹ̀ ara rẹ̀. Nishikigoi ni orúkọ tí ó kó gbogbo wọn pọ̀ lónìí. Nishiki sì ni aṣọ olówó iyebíye tí wọ́n fi òwú aláràbarà hun.

Ní 1914, àwọn ará Niigata kó ẹja wọn lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Tokyo. Ẹnu ya àwọn ará ìlú ńlá. Wọ́n mú díẹ̀ nínú ẹja náà fún Hirohito, ẹni tí ó jẹ́ Àrẹ̀mọ nígbà náà tí ó sì gorí ìtẹ́ ní 1926. Koi sì di ohun tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú yàrà ààfin. Ohun tí ó bá ti wọ ààfin kì í tún padà di ohun yẹpẹrẹ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfuurufú àti ọ̀rá tí wọ́n fi omi àti ọ́síjìn kún mú kí ó ṣeé ṣe láti gbé ẹja láàyè lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí àwọn olówó Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Éṣíà ṣe dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń du ẹja kan náà nìyẹn.

Òkìkí nìkan, síbẹ̀, kò lè gbé owó ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ó bá pọ̀ kì í wọ́n. Abo koi ńlá kan lè yé ọ̀kẹ́ àìmọye ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó ti wù kí ìyá àti baba lẹ́wà tó, àwọn ọmọ kì í jọ wọ́n délẹ̀: òmíràn á funfun pátápátá, òmíràn á pupa pátápátá, ara òmíràn á wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹyin bá ti pa, àgbẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò tún wọn ṣà, yóò sì tún wọn ṣà, títí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún yóò fi ku ìwọ̀nba díẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ojú ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tí ó bá sì ṣì í ṣà, ẹja tí ì bá sọ ọ́ di olówó ni ó dà nù yẹn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹwà ẹja kékeré kọ́ ni ẹwà ẹja ńlá. Nínú Kohaku, wọ́n ń fẹ́ kí ara dúró dáadáa láti orí dé ìrù, kí funfun rẹ̀ má ní àbàwọ́n, kí pupa rẹ̀ ṣe déédéé, kí ẹnu ààlà àwọ̀ méjèèjì sì mú. Pupa tí ó dára lónìí lè ṣá lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹja tí kò jọjú lónìí lè di àrímáleèlọ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bèèrè ìdílé ẹja bí wọ́n ti ń bèèrè ọmọ ilé ẹni. Tomoin, Sensuke àti Yagozen jẹ́ ìdílé Kohaku tí ó lórúkọ, nítorí ìdílé ni ó ń sọ ohun tí ojú kò tíì lè rí.

Ewu sì wà ní gbogbo ọ̀nà. Ní 2003, àrùn kan tí ń pa koi dé Jàpáànì. Ní adágún Kasumigaura ó pa ẹja oúnjẹ tí ó lé ní 1,000 tọ́ọ̀nù. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ìdánwò ti Yamakoshi fúnra rẹ̀ dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2004, ìmìtìtì ilẹ̀ tí ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ 6.8 mi Niigata. Ènìyàn 68 ni ó bá a lọ. Òkè ya lulẹ̀, ó dí ọ̀nà, ó sì dí odò. Hẹlikópítà ni wọ́n fi kó gbogbo ará abúlé náà jáde, àwọn tí wọ́n lé ní 2,000. Adágún là, omi gbẹ, iná mànàmáná kú, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi sì dákẹ́. Ẹja kú lọ súà. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi hẹlikópítà gbé nínú àwọn tí ó ṣẹ́kù jáde. Ẹni tí kò mọ ìtàn wọn lè pe èyí ní àṣejù. Ṣùgbọ́n bí ẹja títà bá kú, àdánù ọdún kan ni. Bí ìyá àti baba ẹja bá kú, ohun tí bàbá, bàbá àgbà àti bàbá ńlá fi ojú ṣà fún ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó parun.

Òtítọ́ ni pé ìgbéraga wà nínú owó náà pẹ̀lú. Olówó méjì kò lè ní ẹja kan ṣoṣo, ìdíje wọn ní gbàǹjo a sì máa gbé iye rẹ̀ kọjá ohun tí ọgbọ́n lè gbè lẹ́yìn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ra koi ńlá ni kì í gbé e lọ sílé. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó sìn ín ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ sí, kí ó lè máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ ìdíje. Wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n tilẹ̀ ra ẹja, wọn kò ra ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n sìn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ ni ẹja tí olówó rà. Àkísà ibẹ̀ ni àìlóǹkà ẹja tí àwọn àgbẹ̀ ti ṣà dànù láti nǹkan bí igba ọdún.

Èyí ni ó sì yẹ kí àwọn olùrà kíyè sí. Ní 2005, Yamakoshi di ara ìlú Nagaoka. Lónìí, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò tó 1,000 mọ́. Bí owó ẹja ṣe ń lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ojú tí ó mọ̀ ọ́n ṣà ń dín kù lórí òkè tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Gbàǹjo lè fi iye lé ẹja tí ó dára jù lọ ní Jàpáànì. Kò lè fi iye lé ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ ẹja ní ọdún tí ń bọ̀, tí yóò sì mọ èyí tí kò yẹ kí òun dà nù.