Níbi tí Àlejò Ń Sùn Lójú Ọ̀nà Oǹdó

Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó lọ sí Benin rí mọ Ore. Ibẹ̀ ni awakọ̀ máa ń dúró sí kí èrò lè sọ̀ jẹun, kí wọ́n ra búrẹ́dì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ọkọ̀ tó tún gbéra. Oríta ńlá ni Ore, òun sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó. Ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Benin, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa pàdé níbẹ̀. Èrò tó ń kọjá kò lóǹkà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń sùn. Nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn, kò sí bí èèyàn ṣe lè la igbó agbègbè yìí kọjá láìsùn sílé onílé.

Ní 1872, Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ń wá ọ̀nà tí kò gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú, nítorí bí ìjà bá ti dé, ṣe ni wọ́n ń ti ọ̀nà wọn pa. Ó rán Goldsworthy lọ sí ilẹ̀ Oǹdó, níbi tí ìjà abẹ́lé ti tú ìlú ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará ìlú padà sílé, ọ̀nà sì là. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé oníṣòwò láti Èkó gba orí ọ̀sà dé Atijẹrẹ, wọn a wá fẹsẹ̀ rin inú igbó dé Oǹdó, kí wọ́n tó kọjá sí Òkè-Igbó, Ifẹ̀ àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ń gòkè, epo ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọ̀nà yìí ni ìbọn gbà dé ọ̀dọ̀ Èkìtì Parapọ̀.

Ẹ wo ilé tí irú àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń dé sí. Ògiri amọ̀ ló yí agbo ilé ká, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní sí ìta. Bí o bá ti wọlé, àgbàlá ló máa kọ́kọ́ kàn ọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, ìyẹ̀wù wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn sì kọjú sáàárín. Òrùlé dà sínú, òjò a máa ṣàn wá sójú kan, wọn a gbe ìkòkò sí i, èyí tó bá ṣẹ́kù a gba ihò abẹ́ ògiri jáde. Ní ilẹ̀ Mòrókò, ní Marrakech àti Fes, irú ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní ríyáàdì, èyí tó túmọ̀ sí ọgbà ní èdè Lárúbáwá. Òun náà kẹ̀yìn sí títì, ó kọjú sí àgbàlá. Ṣùgbọ́n òjò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà orísun omi ni wọ́n gbẹ́ sáàárín ilé. Àwa, òjò ló ń wá bá wa fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú ríyáàdì wọn ti di hòtẹ́ẹ̀lì báyìí, àwọn àlejò sì ń ti òkè òkun wá sanwó sùn níbẹ̀. Tiwa ńkọ́?

Onílé àtijọ́ kì í gba owó yàrá. Ó ń bọ́ àlejò, ó ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀, ó ń bá a wá oníbàárà, ó sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ níwájú ọba àti ìjòyè. Nígbà tí ọjà bá tà, a fún un ní tirẹ̀ nínú èrè. Àwọn Hausa tó ń wá ra obì ní ilẹ̀ wa ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, màígídá ni wọ́n ń pè é. Èmi rò pé àṣà yìí mú ọgbọ́n òwò dání ju inú rere lásán lọ, inú rere náà kò sì kéré. Àlejò tí wọ́n bá fìyà jẹ kò ní padà wá, ẹrù rẹ̀ náà kò ní padà wá.

Kí ló pa á? Ogun Ìmàgbọn ní 1892 ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, rélùwéè sì dé Ìbàdàn ní nǹkan bí 1901, oníṣòwò púpọ̀ kò tún nílò ọ̀nà Oǹdó mọ́. Páànù dé. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ kọ́ ilé tó ní ojú fèrèsé sí títì, tí kọ́rídọ̀ sì la àárín rẹ̀, gbogbo ìlú sì fara wé e. Àgbàlá kúrò láàárín ilé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá sọ ìrìn ọjọ́ mélòó kan di wákàtí mélòó kan.

Ní August 1967, àlejò mìíràn dé Ore: àwọn ọmọ ogun Biafra tó gba Benin ní ọjọ́ 9 oṣù náà, tí wọ́n sì ń tẹ̀ síwájú lọ sí Èkó. Ore ni wọ́n ti dá wọn dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń sọ pé, “Ó le kú, ìjà Ore!”

Lẹ́yìn ogun ni wọ́n la títì márosẹ̀ ńlá. Nígbà tí títì náà wá bàjẹ́ kí ọdún 2010 tó dé, inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ èrò ń sùn mọ́jú láàárín Ore sí Benin, ẹrù wọn lórí ẹsẹ̀ wọn. Láyé ọ̀nà Oǹdó, bí ilẹ̀ bá mọ́, onílé ló ń sin àlejò rẹ̀ dé ẹ̀yìn odi. Ní gáréèjì Ore lónìí, agbèrò ló ń ké pé kí ẹ tètè wọlé, ọkọ̀ fẹ́ lọ.