Òde Pápá

Nínú gọ́ọ̀fù, òde pápá ni ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ààlà tí wọ́n fi èèkàn funfun tàbí ìlà funfun pa. Èèkàn fúnra rẹ̀ ti wà lóde, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fà á tu. Bí bíńtín lára bọ́ọ̀lù bá ṣì wà nínú ààlà, inú ló wà. Kódà, ẹni tó fẹ́ gbá a lè dúró sóde. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá jáde tán, wọn yóò fi gbígbá kan kún ti ẹni tó gbá a, yóò sì padà síbi tó ti gbá a. Ìyà yìí le ju ti omi lọ, torí bọ́ọ̀lù tó já sómi, ẹ̀bá omi lèèyàn ti lè máa bá a lọ.

Ní pápá gọ́ọ̀fù Royal Portrush, ní Àríwá Ireland tó jẹ́ ilé rẹ̀, bọ́ọ̀lù tí agbágọ́ọ̀fù Rory McIlroy kọ́kọ́ gbá nínú ìdíje The Open 2019 ya sósì, ó bọ́ sóde. Ihò tó yẹ kó fi gbígbá 4 parí, 8 ló fi parí rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì bóyá bọ́ọ̀lù òun ti bọ́ sóde lè gbá bọ́ọ̀lù adelé kó tó lọ wá ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ síta pé adelé ni.