Ta Ní Ń Lékè Omi ní Ẹlẹ́yẹlé?

Àdúrà kan wà tí ìyá mi àgbà kì í gbàgbé láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti bọ́jú tán, wọn a ní: "Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ẹ ó lékè ọ̀tá o!" Àwa ọmọdé a dáhùn pé "Àṣẹ!" kí a tó sáré lọ sídìí ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ojúoró tí à ń ṣe àṣẹ sí yìí, mi ò fojú kàn án rí títí mo fi dàgbà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ọmọ ìgboro ni mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tí mo gba ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé lọ, ní Ìbàdàn.

Ẹ gbọ́ ná, adágún Ẹlẹ́yẹlé kì í ṣe ohun tí a bá nílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Odò Ọ̀nà ni ìjọba àwọn òyìnbó dí tí omi fi dúró. Ìkànìyàn ọdún 1931 ti ka èèyàn tó lé ní 387,000 ní Ìbàdàn. Kànga àti odò kéékèèké wo ló fẹ́ tó irú èrò bẹ́ẹ̀ mu? Ọdún 1942, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, ni omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ẹlẹ́yẹlé wọ ìlú.

Ariwo ẹ̀gà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n so ìtẹ́ rọ̀ sórí ọ̀pẹ, wọ́n ń jà, wọ́n ń bú ara wọn bí ará ọjà. Lékeléke mẹ́ta dúró létí omi, wọ́n funfun nini. Mo wo èékánná mi, mo rántí bí a ti ń bẹ̀ wọ́n lọ́mọdé pé kí wọ́n fún wa ní funfun. Ẹyẹ apẹja kékeré kan, dúdú òun funfun, ń jù apá lójú kan lókè omi; kí n tó ṣẹ́jú, ó ti já bọ́ bí òkò, ó ti gbé ẹja. Lámilámi ń fi ìrù kan omi. Ẹyin ló ń yé o, kì í ṣe omi ló ń lá bí orúkọ rẹ̀ ti wí.

Létí ọ̀nà, gọ̀dọ̀gbọ̀ ti yọ òdòdó aláwọ̀ aró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ewéko kan wà tó dí bí igbó. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, àwọn mìíràn ní Akíntọ́lá ni. Ẹ wo bí òṣèlú ti lè wọ inú igbó! Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewéko yìí ti ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní inú irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Ceylon, tó di Sri Lanka lónìí, ló fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937. Lónìí, ó ti di ọmọ onílé. Bí àdá bá géni lóko, òun la ń rún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Nígbà tí mo dé etí omi gan-an, mo rí ewé tútù tó tẹ́ lọ bí ẹní, òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó rẹwà sì wà lórí rẹ̀. Inú mi dùn. Bàbá apẹja kan jókòó nítòsí, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé ojúoró nìyí?"

"Ojúoró kẹ̀?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ojúoró kì í yọ irú òdòdó yẹn, ọmọ mi. Àlejò nìyẹn." Wọ́n nawọ́ sí kọ̀rọ̀ kan. "Àwọn onílé ló wà lọ́hùn-ún yẹn."

Ojúoró mélòó kan ló fún mọ́ra níbẹ̀, pẹ̀lú òṣíbàtà kan ṣoṣo tó ti ń pa òdòdó funfun rẹ̀ dé nítorí oòrùn ti ń mú.

Àlejò tí Bàbá wí ni wọ́tà háyásíǹtì. Apá odò Amásónì, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni ilé rẹ̀. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ló mú kí àwọn èèyàn máa gbé e kiri ayé. Ní ọdún 1984 ló gba ojú omi láti Pọ̀tọ̀nóòfò wọ Àgbádárìgì, ló bá tàn dé ọ̀sà Èkó àti ilẹ̀ Ìlàjẹ. Lọ́sà Èkó, omi iyọ̀ máa ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Ẹlẹ́yẹlé, kò sí iyọ̀ tí yóò pa á. Bí ibi bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọ̀sẹ̀ méjì péré tó fún un láti di ìlọ́po méjì.

"Bó bá ti bo omi," Bàbá ní, "ọkọ̀ mi ò lè kọjá, àwọ̀n mi ò lè délẹ̀. Epìyà gan-an ò rí atẹ́gùn mí sínú."

Kí ló ń bọ́ ọ tó fi ń sanra? Ṣebí àwa náà ni. Ìgbẹ́, omi ọṣẹ àti pàǹtí tí à ń dà sójú àgbàrá, inú odò ló ń lọ, oúnjẹ ló sì jẹ́ fún un. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn, adágún yìí kún àkúnya, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì lọ sí ìkún omi ní ìlú. Omi ò gbàgbé ohun tí a bá fi há a lọ́nà.

Mo bi Bàbá bóyá ojúoró ṣì lè lékè.

"Èmi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Àmọ́ láràárọ̀ ni mò ń fa díẹ̀ kúrò kí n tó na àwọ̀n."

Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo bá wọn fà á. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó gùn, ó wúwo ju bí mo ti rò lọ. Nígbà tí a fi máa simi, ibi tí a ti fà á kò ju ìwọ̀n ẹní méjì lọ, ṣùgbọ́n a ń rí omi níbẹ̀.

Bí mo ti ń darí sílé, àdúrà ìyá mi àgbà bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ṣe àṣẹ sí i, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àdúrà kì í gbà láìṣiṣẹ́.