Omi Abẹ́ Oko Ló Tú Àṣírí Ajílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ni mo gbé dé lónìí. Ẹ má tíì pa fóònù yín o, ọ̀rọ̀ yìí kan owó tòmátì tí ẹ ń rà lọ́jà.

Lọ́dún 1843, ní Rothamsted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Bennet Lawes àti Joseph Henry Gilbert bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan lórí oko àlìkámà tó ń jẹ́ Broadbalk. Wọ́n pín oko náà sí abala abala, ajílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n fi sí wọn. Ìdánwò náà ṣì ń lọ títí dòní.

Lọ́dún 1849, wọ́n ri páìpù amọ̀ sábẹ́ oko náà kí omi lè máa ṣàn jáde. Páìpù yìí ló tú àṣírí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà bíi Augustus Voelcker yẹ omi tó ń jáde wò, kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Naitrójìn! Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ kí òtútù tó dé ti yọ́, ó sì ti bá omi òjò lọ. Àlìkámà ṣì kéré nígbà náà, kò lè jẹ ẹ́ tán. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé iye ajílẹ̀ nìkan kò tó. Ọjọ́ tí a fi í sílẹ̀ ṣe pàtàkì pẹ̀lú.

Nílé wa ńkọ́? Òjò tiwa kì í ṣeré. Tẹ̀tẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò nílò púpọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ká máa fún un bó ṣe ń dàgbà, ká tún fún un lẹ́yìn tí a bá gé e. Tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé oko ń wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì fún gbòǹgbò. Tó bá ń yọ ewé, ó ń fẹ́ naitrójìn. Tó bá ń so, pòtáṣíọ̀mù ló ń fẹ́ jù. Bí a bá da naitrójìn bò ó lásìkò yẹn, ewé ni yóò máa yọ, èso rẹ̀ yóò kéré.

Ìdí nìyí tí ajílẹ̀ tó pẹ́ dé fi ń dun àgbẹ̀. Lọ́dún 2012, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n wá gba ajílẹ̀ tí owó rẹ̀ dín kù. Èrò tó dáa ni, ṣùgbọ́n irúgbìn kì í dúró de ọkọ̀ ẹrù. Àpò tó bá dé lẹ́yìn ìgbà tí tòmátì ti so, owó tó ń bá àgbàrá lọ ni.

Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.