Ẹni tó tọ́jú téèpù ló ni ohùn: Ìtàn àtúntẹ̀ àwo orin, láti Àpápá dé Òkè-Àrò

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí ayé mọ̀ sí Beatles, gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine tí wọ́n jọ ń kọrin. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá ni wọ́n bá wá. Iṣẹ́ náà kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwọn olè dá Paul àti Linda lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì gba téèpù tí wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn orin wọn sí, tó fi jẹ́ pé ohun tó kù lórí ni wọ́n fi ń bá iṣẹ́ lọ. Fẹlá náà fẹ̀sùn kàn án pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí kó, àfi ìgbà tí Paul jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. Wọ́n gba ọ̀kan nínú àwọn orin náà sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí Ginger Baker, onílù ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kó téèpù lọ sí London, wọ́n parí iṣẹ́ lọ́hùn-ún, àwo Band on the Run sì jáde ní ìparí ọdún náà.

Láti ìgbà náà, wọn kò jẹ́ kí àwo yìí kú. Wọ́n tún un tẹ̀ ní ọdún 1999, láti fi ṣàjọyọ̀ ọdún 25 rẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀ ní 2010, wọ́n sì fi orin àti àwòrán kún un láti inú One Hand Clapping, eré tí ẹgbẹ́ McCartney ṣe níwájú kámẹ́rà ní Abbey Road ní ọdún 1974. Ní 2024, wọ́n gbé òmíràn jáde tí àwọn orin náà wà bí wọ́n ṣe rí kí wọ́n tó da ohùn àwọn onígòjé pọ̀ mọ́ wọn. Ohun kan ṣoṣo ló mú gbogbo èyí ṣeé ṣe: ẹnì kan tọ́jú téèpù.

Ní ọdún 1973 yẹn kan náà, EMI Nàìjíríà gbé àwo méjì mìíràn jáde. Èkíní ni Chapter One, iṣẹ́ ẹgbẹ́ BLO, ìyẹn Berkley Jones onígìtá, Láolú Akins onílù àti Mike Odùmosù. Èkejì ni Try and Love, iṣẹ́ ẹgbẹ́ Ofege, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé ìwé St. Gregory's College ní Èkó. Orin rọ́ọ̀kì ni méjèèjì, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ló sì kọ ọ́. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún irú àwọn àwo bẹ́ẹ̀ tẹ̀, òkè òkun ni wọ́n sì ti ṣe é. Nílé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù àlòkù ni ọ̀pọ̀ wọn wà, nínú eruku, tí wọ́n ń dúró de ẹni tó mọ iyì wọn.

Ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ àtúntẹ̀ ṣe ń lọ. Nígbà tí olórin bá wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, orí téèpù tó ní ọ̀nà púpọ̀ ni wọ́n máa ń gba ohùn sí: ìlù ní ọ̀nà tirẹ̀, gìtá ní tirẹ̀, fèrè àti ohùn akọrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á po gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí téèpù kan. Èyí ni a lè pè ní ìyá téèpù, nítorí òun ló ń bí gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù tó dé ọjà. Ẹni tó fẹ́ tún ohùn àwo ṣe, ìyá téèpù yìí ni yóò wá. Yóò fi ẹ̀rọ ìgbàlódé gbọ́ ọ, yóò mú ariwo kúrò, yóò sì jẹ́ kí ohun tó fara pamọ́ hàn síta. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ tún orin pò láti ìbẹ̀rẹ̀, téèpù ọ̀nà púpọ̀ ni yóò nílò.

Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá téèpù. Àtè tó di ohùn mú lára ọ̀pọ̀ téèpù ayé 1970 sí 1980 a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ máa ń yan irú téèpù bẹ́ẹ̀ nínú ooru wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ kí wọ́n sì dà á kọ. Bí ìyá téèpù bá ti sọnù pátápátá, ara rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ni wọn yóò ti da ohùn kọ. Wọ́n lè nu ariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò sí níbẹ̀ kò ṣeé dá padà.

Iṣẹ́ Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ni àpẹẹrẹ tó dára jù lọ lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1971, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níwájú àwùjọ ní Abbey Road, Ginger Baker sì bá wọn lùlù. Orin mẹ́rin ló wà nínú àwo náà, Live!. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe sórí síídì, wọ́n fi ìlù kan kún un tí Ginger Baker àti Tony Allen jọ lù ní àjọ̀dún jáàsì ìlú Berlin ní Jámánì, ní ọdún 1978. Ginger Baker kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Tony Allen sì kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2020. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń fi igi ìlù bá ara wọn sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún Zombie, àwo tí Fẹlá fi bú àwọn ọmọ ogun tí wọn kì í ronú kí wọ́n tó ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe. Àtúntẹ̀ rẹ̀ ní orin Mistake nínú, láti ibi eré Berlin yẹn kan náà. Ìgbà tí wọ́n ṣe eré yìí ló fún un ní ìtumọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ Kalakuta, wọ́n na àwọn ènìyàn, wọ́n ju Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyá Fẹlá, láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé. Ìyá náà kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ọdún yẹn ni Fẹlá kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Africa 70, lọ sí Berlin. Lẹ́yìn eré náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi í sílẹ̀, Tony Allen náà sì lọ. Ẹgbẹ́ tó wà ní bèbè ìtúká ni à ń gbọ́ nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀.

Nínú iná Kalakuta náà ni ohùn fíìmù The Black President, tí Fẹlá ń ṣe nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, ti jóná. Kò sí onímọ̀ tó lè tún èyí ṣe. Eré tí wọ́n ṣe lọ́nà jíjìn ṣì wà, ohun tí wọ́n kó pamọ́ sílé ti di eérú.

Fún Fẹlá, eré ojú agbo kì í ṣe ẹ̀dà àwo. Àṣà rẹ̀ ni pé tí ó bá ti gba orin kan sílẹ̀ sínú àwo, kì í kọ ọ́ mọ́ lójú agbo. Ó wà lẹ́wọ̀n láti ọdún 1984 títí di oṣù Kẹrin ọdún 1986. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1986 náà, ó ṣeré ní Detroit, ní Amẹ́ríkà. Orin mẹ́rin péré ni, ó sì ju wákàtí méjì lọ. Beasts of No Nation wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìparí ẹ̀wádún náà ni àwo orin yẹn tó jáde. Ọdún 2012 ni eré Detroit tó di àwo. Ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́ orin náà nígbà tó ṣì ń dàgbà lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Ṣùgbọ́n gbogbo àtúnṣe kọ́ ni ìtọ́jú. Nígbà tí Fẹlá wà lẹ́wọ̀n, ilé iṣẹ́ Celluloid gbé Army Arrangement fún Bill Laswell, ó tún un pò, ó sì fi ohùn àwọn mìíràn rọ́pò díẹ̀ nínú ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Inú Fẹlá kò dùn sí i rárá. Nítorí pé orin bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kò sọnù ni àtúntẹ̀ ìgbẹ̀yìn fi lè dá a padà. Àtúnṣe tí kò bá ti fi àyè sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, ìparun ló jẹ́.

Ìbéèrè tó kàn ni ti ẹni tó ni nǹkan. Ní ọdún 1969, Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dairo dá Star Records sílẹ̀, kí olórin lè ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Haruna tún dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn àgbà wọ̀nyí ti mọ̀ pé ẹni tí téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò pinnu ohun tí ọmọ-ọmọ yóò gbọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò sì gbé ilé tí a kọ́ tà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú eré ojú agbo ilẹ̀ Yorùbá kò sí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Òde àríyá ni olórin jùjú, àpàlà àti fújì ti ń ta gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ yọ, láti alẹ́ di ìdájí. Ibẹ̀ ni yóò ti ki olóde, yóò ki bàbá àti ìyá rẹ̀, yóò dárúkọ ìlú wọn. Oríkì wọ̀nyí kì í sábà wọ inú àwo. Kásẹ́ẹ̀tì tí àlejò tàbí onílé fi gbà á sílẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ibo ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wà lónìí? Òkè-Àrò ní Ifọ̀, Mowe àti Ìbàfò kún fún ìdílé tó kó kúrò ní Èkó wá sínú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́. Páálí rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì bàbá máa ń bá ẹrù wá. Abẹ́ páànù ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, níbi tí ooru ọ̀sán àti ọ̀rinrin òjò ti ń jẹ àtè téèpù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í dé ibẹ̀ pàápàá. Ọjọ́ ìgbálé ni wọ́n ń dà á nù.

Kò sí ẹni tó ń bèèrè pé kí gbogbo ilé di ilé ìkówèésí. Ohun tó wà níkàáwọ́ ẹbí kò pọ̀: kí wọ́n gbé páálí náà kúrò lábẹ́ páànù sí ibi tó tutù tó sì gbẹ, kí wọ́n kọ orúkọ olórin, olóde àti ọdún sí ara kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹni tó rántí ṣì wà láàyè, kí wọ́n sì dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó jù ú nù. Téèpù kì í ké nígbà tó bá ń bàjẹ́. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbọ́ ọ ni a máa ń mọ̀ pé ó ti kú.