Ìpinnu Àkóónú Ìdánwò: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Àwọn Olùkọ́ Ìjẹ̀bú

Kò sí àní-àní pé ẹni tí ó bá ń pinnu ohun tí ìdánwò yóò dá lé ni ó ń pinnu ohun tí olùkọ́ yóò kọ́ ọmọ. Ní ayé àtijọ́, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ tàbí ahunṣọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó ń dán ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó fún un ní òmìnira. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà ni ẹ̀rí, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ sì ni adájọ́.

Nígbà tí a dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1913, ọ̀ràn ti yí padà. Láti Cambridge àti London ni ìdánwò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ń lépa ti ń wá. Àwọn tí ń ṣètò ìbéèrè jìnnà sí kíláàsì tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Àwọn olùkọ́ kò káwọ́ gbera. Ní 1926, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ṣe aṣáájú nínú dídá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú sílẹ̀. Ní 1931, ẹgbẹ́ yìí àti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Èkó wà lára àwọn tí ó parapọ̀ di ẹgbẹ́ NUT, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìjábọ̀ Jeffery ti 1950, a dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní 1952. Síbẹ̀, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ṣì so mọ́ City and Guilds ti London fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1993 ni ìjọba Nàìjíríà dá àjọ NABTEB, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Benin, sílẹ̀ fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbé dìde. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí yóò máa ṣàkóso kọ̀ǹpútà tí ń gba lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ń pín in, ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìdánwò bá béèrè oríkì ọ̀rọ̀ nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ lè yege kí lẹ́tà ọ́fíìsì má sì dé ibi tí a fi í ránṣẹ́ sí. Bí ó bá sì dá lé ọjà ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ìmọ̀ náà yóò gbó pẹ̀lú ọjà náà. Àmọ́ ìlànà SMTP, tí a gbé jáde ní 1982, ṣì ni ìpìlẹ̀ fífi lẹ́tà ránṣẹ́ títí di òní. Nítorí náà, ìlànà tí kì í tètè yí padà ni ó yẹ kí ìdánwò fi ṣe ìpìlẹ̀. Kí ó sì wò ó bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè wá ibi tí lẹ́tà há sí, kí ó dènà lẹ́tà ayédèrú, kí ó sì dá èyí tí ó sọnù padà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí àwọn olùkọ́ Ìjẹ̀bú ṣe kó ara wọn jọ ní 1926, ó yẹ kí olùkọ́, oníṣẹ́ àti àjọ ìdánwò jókòó pọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àkóónú ìdánwò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé-ẹ̀rí yóò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, iṣẹ́ kò sì ní í yé wọn.