Ọ̀nà tí Àwọn Onímọ̀ Ìṣirò Wa Gbà Dé Ìdí Oyè Ọ̀mọ̀wé

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì máa ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà tọ àwọn olùkọ́ wọn wá. Wọ́n fẹ́ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ní ọdún àṣekágbá ni wọ́n ní lọ́wọ́. Wọ́n rò pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ti ṣẹlẹ̀.

Ṣáájú 1948, kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá wà, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe oyè yunifásítì, èyí sì bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nínú gidigidi. Níbẹ̀ ni Chike Obi, tí a bí ní 1921, ti kàwé. Kò jókòó sí kíláàsì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kí ó tó gba oyè àkọ́kọ́ ti yunifásítì ibẹ̀, nítorí pé láti 1858 ni wọ́n ti ṣí ìdánwò wọn sílẹ̀ fún ará òde. Ní 1950 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbà á nínú ìmọ̀ ìṣirò.

Ọ̀nà Adégòkè Olúbùmmọ, ọmọ Orin-Èkìtì, yàtọ̀. Fourah Bay ní Freetown ni ó lọ, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti so mọ́ Yunifásítì Durham láti 1876. Nígbà tí ó wá kọrí sí Durham, a lè sọ pé kì í ṣe àlejò pátápátá. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1955. James Ezeilo ní tirẹ̀ jáde ní Ìbàdàn lábẹ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó gba oyè kejì, ó sì parí ní Cambridge ní 1959.

Lójú tèmi, òṣùwọ̀n ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àwọn tí ó ń gbà wọ́n mọ ohun tí oyè Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí ti Durham túmọ̀ sí. Ẹnìkan lè wí pé ìṣirò kò gba yàrá àyẹ̀wò, pé ìwé àti pẹ́ńsù ti tó. Òtítọ́ ni, ọ̀nà onímọ̀ kẹ́mísírì lè le ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé oyè náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ní 1917 ni Oxford ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á wọlé. A dá a sílẹ̀ láti fi kọ́ ènìyàn ní ìwádìí. Títí di òní, ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń gba ẹni tí ó ní oyè àkọ́kọ́ nìkan.

Ìdí nìyí tí lẹ́tà ẹlẹ́rìí fi wúwo tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó kàn wí pé ọmọ náà jẹ́ ọmọlúàbí kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí ń kà á ní òkè òkun. Kí olùkọ́ kọ ìbéèrè tí ọmọ náà béèrè àti àṣìṣe tí ó fúnra rẹ̀ ṣàwárí nínú iṣẹ́ kékeré yẹn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n padà wá kọ́ni ní Ìbàdàn.